Àwọn Òkú Tí A Kò Kọ Orúkọ Wọn Sílẹ̀

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè ọmọ kéú kan ni ó mú mi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń fi ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ṣe ọjọ́ ìsinmi ìjọba tiwa-n-tiwa. Ní ọjọ́ ìsinmi bẹ́ẹ̀ kan, ilé-ìwé gbogbo wà ní títì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéú wa wá ní ìrọ̀lẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Mo sọ fún wọn pé nítorí ìbò tí a dì ní ọdún 1993 ni ìsinmi náà ṣe wà, àti pé àwọn ènìyàn kú nítorí ìbò yẹn. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sókè, ó ní: "Àáfà, ẹ jọ̀wọ́, ta ni àwọn tí ó kú?"

Mo dárúkọ Olóògbé M.K.O. Abíọ́lá. Mo dárúkọ Alhaja Kudirat, aya rẹ̀. Ọmọ náà tún ní: "Àwọn tí wọ́n yìnbọn fún lójú títì ńkọ́, Àáfà? Kí ni orúkọ tiwọn?" Mo wo ojú ọmọ náà, n kò rí nǹkan kan sọ.

Ìtìjú tí ó bá mi ní ọjọ́ náà ní ìdí. Ní oṣù keje 1993, ọ̀dọ́ ni èmi náà ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín. Wọ́n gbé òkú ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Èkó wá sí àdúgbò wa. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀ ni, wọ́n ní ìbọn ni ó bà á níbi tí àwọn sójà ti ń tú àwọn tí ń ṣe ìwọ́de ká. Mo wà lórí ìlà nígbà tí a kírun sí i lára. A sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, a ṣe àdúrà, a túká. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mú bírò. Àwọn ẹbí tí ó gbà á sílẹ̀ ti kó kúrò ní ilé náà láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn àgbà tí ó ṣètò ìsìnkú náà sì ti jáde láyé. Bí ẹ bá ní kí n dárúkọ rẹ̀ lónìí, n kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìtàn Bí Ó Ti Ṣẹlẹ̀

Ó yẹ kí àwọn tí a bí lẹ́yìn àkókò náà mọ bí ọ̀rọ̀ ti jẹ́. Ní ìparí ọdún 1983 ni àwọn sójà gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn alágbádá. Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gorí àléfà ní oṣù kẹjọ 1985. Ó ṣèlérí pé òun yóò dá ìjọba padà fún ará ìlú, ṣùgbọ́n ó ń sún ọjọ́ náà síwájú léraléra. Níkẹyìn, a dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993. Abíọ́lá ni ó dúró fún ẹgbẹ́ SDP, Bashir Tofa sì dúró fún ẹgbẹ́ NRC. Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì, Mùsùlùmí sì ni Babagana Kingibe tí Abíọ́lá fi ṣe igbákejì. Síbẹ̀ Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ará Àríwá àti ará Gúúsù, ni ó jáde dìbò fún un. Ìbò náà lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Èsì tí ó ń jáde fi hàn pé Abíọ́lá ń borí, títí kan ìpínlẹ̀ Kano tí í ṣe ilé Tofa gan-an.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, ìjọba ológun fagi lé ìbò náà. Àjọ kan tí ń jẹ́ Campaign for Democracy, tí Dókítà Beko Ransome-Kuti jẹ́ alága rẹ̀, pe ará ìlú síta fún ìwọ́de ọlọ́sẹ̀ kan, láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù keje. Wọ́n kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fa ìjà. Ní Èkó, ọjà tì, ọkọ̀ kò ná, àwọn ọ̀dọ́ dáná sun táyà sí ojú títì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri pẹ̀lú ewé lọ́wọ́. A kò gbọ́dọ̀ parọ́ mọ́ ìtàn: àwọn jàgídíjàgan wọ inú ìwọ́de náà, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jalè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba kó sójà dé, ìbọn wọn kò bi ẹnikẹ́ni bóyá olè ni tàbí olùwọ́de, bóyá ọjà ni ó ń lọ tàbí iṣẹ́. Àwọn àjọ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kà á pé àwọn tí ó kú lé ní 100, ìbọn sójà àti ti ọlọ́pàá ni ó sì pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ó lé ní 100. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. A kò sọ pé 103, a kò sọ pé 117. Àwọn tí ó ka òkú náà kò lè dé gbogbo ilé ìgbókùúsí àti gbogbo àdúgbò. Ẹlòmíràn, àwọn ẹbí rẹ̀ ti gbé e lọ sí ìlú rẹ̀ bí a ti gbé télọ̀ yẹn wá sí Ìjẹ̀bú. Iye ni a fi rántí wọn, iye náà kò sì péye.

Ọmọ Ilé-ìwé Ìjẹ̀bú-Òde

Nínú gbogbo àwọn tí ó kú nítorí ọ̀rọ̀ ìbò náà, ẹnì kan wà tí àwọn ọmọ wa níhìn-ín lè pè ní ẹ̀gbọ́n. Zaria ni a ti bí Kudirat Ọláyínká Adéyẹmí ní ọdún 1951, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde ni ó ti ka ìwé mẹ́wàá, ní Muslim Girls' High School. Ilé-ìwé tí àwọn Mùsùlùmí dá sílẹ̀ kí àwọn ọmọbìnrin wọn lè kàwé láìfi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀ ni ó tọ́ ọ dàgbà.

Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 1993. Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Èkó ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 1994, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi mú un. Àwọn kan rò pé Kudirat yóò jókòó sílé kí ó máa sunkún. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà, ó dúró tì wọ́n. Ó ń bá àwọn oníwèé ìròyìn sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn olùwọ́de rìn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1996, àwọn kan lé ọkọ̀ rẹ̀ bá ní Èkó, wọ́n yìnbọn lù ú, ó sì kú ní ọjọ́ náà. Abíọ́lá fúnra rẹ̀ kú sí àhámọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1998, oṣù kan péré lẹ́yìn ikú Abacha.

Wọn kò gbàgbé orúkọ Kudirat. Àwọn tí ó sá lọ sí òkè òkun fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ rédíò tí wọ́n fi ń bá ìjọba Abacha jà, ìyẹn Radio Kudirat. Ní New York, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ oríta kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Awakọ̀ tí ó wà nídìí ọkọ̀ ní ọjọ́ náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Kí ni orúkọ awakọ̀ náà? Mo ti bi àwọn olùkọ́ bíi tèmi, mo bi àwọn tí ó ń ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́, kò sí ẹni tí ó rí i dá mi lóhùn. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà, ìbọn kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni. A mọ ọ̀kan, a kò mọ èkejì.

Ìjọba Ipá Kò Bẹ̀rẹ̀ Lọ́dọ̀ Wa

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ẹ̀sìn wa sọ, mo fẹ́ mú yín dé òkè òkun, nítorí ibẹ̀ ni a ó ti rí ohun tí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe bí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò bá jẹ́ kí ó nù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní fáṣísì. Ó túmọ̀ sí ìjọba ipá tí ó gbà pé ẹ̀yà tirẹ̀ ju ẹ̀yà gbogbo lọ, tí ó fi olórí kan ṣe òrìṣà, tí ó sì ń fi ìdà àti ìbọn pa ẹnu ẹni tí ó bá ta kò ó. Ní Ítálì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ orúkọ yìí, nígbà tí Mussolini gba ìjọba ní 1922. Hitler gba irú rẹ̀ ní Jámánì ní 1933. Kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án. Ní Líbíyà, ìjọba Mussolini kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé Mùsùlùmí sí àgọ́ ìfìyàjẹni nínú aṣálẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì kú síbẹ̀. Ẹni tí ó ṣíwájú àwọn tí ó kọ̀ fún wọn ni Umar al-Mukhtar. Olùkọ́ Kùránì ni. Ó ti lé ní ẹni 70 ọdún nígbà tí wọ́n mú un, wọ́n sì so ó kọ́ ní gbangba ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 1931, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá láti wò ó. Ní 1935, ìjọba kan náà kọlu Ethiopia, ilẹ̀ Habaṣa tí àwọn sàábé sá lọ nígbà tí Ọba Najaṣi fún wọn ní ààbò.

Wọ́n ṣẹ́gun Mussolini àti Hitler ní 1945, ṣùgbọ́n èrò wọn kò kú tán. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ National Front dìde ní 1967. Wọ́n ní kí a lé gbogbo aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Éṣíà padà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti wá. Ẹ rántí pé ní àkókò náà, àwọn ọmọ Yorùbá náà ti pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń kàwé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Olùkọ́ Kan ní Southall

Southall jẹ́ àdúgbò kan ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tí ó wá láti Íńdíà àti Pakistan ni ó pọ̀ níbẹ̀: Síìkì, Híńdù àti Mùsùlùmí. Nígbà tí ìbò ọdún 1979 súnmọ́, ẹgbẹ́ National Front gba gbọ̀ngàn ìlú wọn láti ṣe ìpàdé ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin. Bí ẹni wá bú baba ọmọ nínú ilé ọmọ ni. Ará àdúgbò náà jáde láti kọ̀ fún wọn. Àwọn kan láti ibòmíràn sì wá dúró tì wọ́n, lára wọn ni Blair Peach.

Òyìnbó ni Blair Peach. New Zealand ni wọ́n ti bí i, ọmọ ọdún 33 ni, olùkọ́ ni ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé-ìwé tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí ó nílò ìtọ́jú pàtàkì. Kì í ṣe ará Éṣíà, kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹnikẹ́ni kò sì ní lé e kúrò nílùú. Ó lọ nítorí ó rí i pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí ọmọnìkejì rẹ̀ kò tọ́. Wọ́n kó ọlọ́pàá tí ó lé ní 2,500 wá síbẹ̀. Ìjà ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá ń lé àwọn ènìyàn, wọ́n ń fi kóńdó lù wọ́n. Níbi tí Peach ti ń gbìyànjú láti kúrò níbẹ̀ ni wọ́n ti gbá a ní nǹkan lórí, ní òpópónà kan tí ń jẹ́ Beachcroft Avenue. Ó kú ní ilé ìwòsàn ní òru ọjọ́ náà.

Ọ̀gá ọlọ́pàá kan, John Cass, ni wọ́n ní kí ó wádìí. Nígbà tí wọ́n yẹ àpótí àwọn ọlọ́pàá ẹ̀ka pàtàkì tí wọ́n rán lọ síbẹ̀ wò, wọ́n bá kùmọ̀, ọ̀bẹ àti irin tí òfin kò gbà wọ́n láàyè láti lò. Cass kọ ìwé rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n wọ́n tì í mọ́ inú àpótí. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ ń wádìí ikú náà ní 1980, wọn kò jẹ́ kí ìdílé rẹ̀ àti àwọn ará ìlú rí ìwé náà. Àwọn tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ ní èèṣì ni ikú náà.

Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gbà. Nǹkan bí 10,000 ènìyàn ni ó tẹ̀lé òkú rẹ̀ ní oṣù kẹfà 1979. Celia Stubbs, ẹni tí òun àti rẹ̀ jọ ń gbé, kò dákẹ́ ní ọdún kan, kò dákẹ́ ní ọdún mẹ́wàá. Àwọn ará Southall fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí ó kú ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ìwé lójoojúmọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Peach ju ogún lọ: ọdún 31 ni. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 2010, àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwé Cass jáde. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ó fẹ́rẹ̀ dájú pé ọlọ́pàá ni ó gbá a, àti pé àwọn kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà parọ́ fún olùwádìí. A kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ mọ òtítọ́, ìlú mọ̀ ọ́n, ìtàn sì ti kọ ọ́ sílẹ̀.

N kò sọ ìtàn yìí kí a lè máa yin òyìnbó. Àwọn ọlọ́pàá wọn náà ni ó pa á, ìjọba wọn náà ni ó bo ìwé mọ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni Peach. Ẹnì kan ṣoṣo tí a mọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, ibi tí ó ṣubú sí àti àwọn tí ó rí i, agbára ìjọba kò lè gbé e mì. Tiwa lé ní 100, a kò sì gbúròó ẹjọ́ wọn mọ́.

Ní ilé wa náà, a ti rí i pé ó ṣe é ṣe. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì 1971, ìbọn ọlọ́pàá pa Kúnlé Adépéjú, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹgbẹ́ wọn, ìran akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó wọlé sì ń bá orúkọ náà níbẹ̀. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹgbẹ́, ó ní ìwé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ ní ẹgbẹ́ olùkọ́. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀, ọmọ tí ń kiri omi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, alábàárù ọjà, ta ni ó kọ orúkọ tiwọn sílẹ̀?

Ohun Tí Ẹ̀sìn Wa Kọ́ Wa

Ẹ̀yin ará mi, kò yẹ kí Mùsùlùmí jẹ́ ẹni tí a ó máa kọ́ ní ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ni wọ́n fi orúkọ ṣe iṣẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ láyé. Mùsùlùmí mẹ́rìnlá ni ó kú ní ogun Badr, nǹkan bí 70 ni ó kú ní Uhud. Ó ti lé ní 1,400 ọdún, síbẹ̀ ẹ ó bá orúkọ wọn nínú ìwé ìtàn, orúkọ baba wọn àti ìdílé tí wọ́n ti wá. Hàdíìsì kan kò ní dé etí wa àfi kí a kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn tí ó gbé e wá: ta ni ó gbọ́ ọ, lọ́wọ́ ta ni, ǹjẹ́ olóòótọ́ ni? Nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó há Kùránì sórí kú ní ogun Yamāma, Umar bẹ Abubakar pé kí a kó Kùránì jọ sínú ìwé kan. Wọ́n ti rí i pé bí ẹni tí ó mọ nǹkan bá kú, nǹkan náà lè bá a lọ bí a kò bá kọ ọ́.

Hàdíìsì kan tún wà tí ó máa ń gún mi lọ́kàn. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tí ó máa ń gbá mọ́sálásí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ó kú, àwọn sàábé sì sin ín láìsọ fún Ànábì, nítorí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí Ànábì kò rí i mọ́, ó béèrè rẹ̀. Wọ́n ní ó ti kú. Ó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún òun, ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó lọ síbẹ̀, ó sì kírun sí i lára. Olórí ìlú, olórí ogun, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ni ó wá sàréè ẹni tí ń gbálẹ̀ kiri. Bí a bá ń pe ara wa ní ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ẹjọ́ télọ̀ yẹn wà lọ́rùn wa.

Kùránì tún pàṣẹ fún wa nínú Sūratu n-Nisā' pé kí a dúró ti òdodo, kí a sì jẹ́rìí nítorí Ọlọ́hun, kódà bí ẹ̀rí náà bá ta ko àwa fúnra wa tàbí àwọn òbí wa. Nínú Sūratul-Baqarah, Ó kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí pamọ́, ọkàn rẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀. Ìkìlọ̀ yìí wà fún sójà àti ọlọ́pàá tí ó mọ ẹni tí ó yìnbọn tí ó dákẹ́ nítorí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wà fún ìjọba pẹ̀lú. Ní 1999, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí Adájọ́ Chukwudifu Oputa jẹ́ alága rẹ̀, láti wádìí ìwà ìkà tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà àwọn ológun. Àwọn ènìyàn sunkún níwájú wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú Kudirat. Ìgbìmọ̀ náà fi ìwé rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́ ní 2002, ìjọba kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún ará ìlú. Ní ti Kudirat, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó dá ẹ̀bi ikú fún ènìyàn méjì ní oṣù kìn-ín-ní 2012, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní oṣù keje 2013. Nígbà tí ìbọn tún dún ní Lẹ́kí ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 2020, iye ẹni tí ó kú tún di ohun tí ìjọba àti ará ìlú ń bá ara wọn jiyàn lé lórí.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà wà fún àwa náà. Ìjọba nìkan kọ́ ni ó fi ẹ̀rí télọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde pamọ́. Àwa tí a kírun sí i lára tí a kò bi ẹni tí ó gbé e wá pé níbo, nígbà wo, ta ni ó rí i, àwa náà fi í pamọ́.

Èsì Sí Àwọn Tí Yóò Ta Ko Ọ̀rọ̀ Yìí

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Ṣé Àáfà fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa ṣe ìwọ́de ni?" Rárá o. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò fẹnu kò lórí ìwọ́de. Àwọn kan ní ó tọ́ bí kò bá sí ìjà nínú rẹ̀, àwọn kan ní kò tọ́ rárá. N kò pe ọmọ ẹnikẹ́ni sójú títì, n kò sì ní dá ẹni tí ó jáde lẹ́bi. Ohun tí àwọn onímọ̀ kò jiyàn lé lórí ni èmi ń sọ: òkú Mùsùlùmí ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn àwọn tí ó kù. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn níye lórí lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ di jíjẹ́.

Àwọn mìíràn yóò ní olè ni àwọn kan nínú àwọn tí ó kú ní 1993. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn gan-an tí ó fi yẹ kí á kọ ọ́ sílẹ̀. Níbi tí kò bá sí orúkọ, olè àti olóòótọ́ di ọ̀kan, ẹni tí ó yìnbọn á sì rí ibi sá sí, á ní olè ni gbogbo wọn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ lọ ra búrẹ́dì tí kò padà, kò yẹ kí á fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sin ọmọ rẹ̀.

Àwa Ìjẹ̀bú kò lè ní a kò mọ bí a ti ń tọ́jú orúkọ. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ní Ojúde Ọba, gbogbo ayé ń rí i bí régbérẹ́gbẹ́ ti ń tò lọ níkọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọjọ́-orí ni a fún ní orúkọ, ọkùnrin àti obìnrin. Ẹni tí a bí ní ọdún báyìí, a mọ ẹgbẹ́ tí ó wà. Télọ̀ yẹn náà ní ẹgbẹ́ tí ì bá máa bá yọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di àgbà báyìí, wọ́n ń gẹṣin, wọ́n ń jó.

Iṣẹ́ Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Wa

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí a ṣe, owó kékeré ni yóò sì ná wa.

Èkínní, kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan, ti àdúgbò àti ti gbogbogbò, ní ìwé jánásà. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan tó. Ẹnikẹ́ni tí a bá kírun sí lára, kí a kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ baba rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ó kú, ohun tí ó pa á àti orúkọ ẹni méjì tí ó mọ̀ nípa rẹ̀. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún olówó àti tálákà, fún onílé àti àlejò. Bí ó bá jẹ́ ìbọn tàbí ìjàmbá ni ó pa á, kí a bi àwọn tí ó gbé e wá dáadáa, kí a sì kọ ohun tí wọ́n sọ láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀, bí àwọn oníhàdíìsì ti ṣe.

Èkejì, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ bá àwọn òbí yín àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ bi wọ́n pé nínú ìdílé wa, ní àdúgbò wa, ta ni kò padà wálé ní oṣù keje 1993? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún yín pẹ̀lú. Ẹ má ṣe dúró de ìjọba. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà náà ti lé ní ẹni 50 báyìí, ẹni tí ó jẹ́ 50 ti darúgbó tàbí kí ó ti kú. Ìjẹ́rìí náà ń tán nílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní mọ́sálásí àdúgbò tiwa, a ti ra ìwé náà. Mo ní kí akọ̀wé fi ìlà àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i. Télọ̀ yẹn ni ó ni ín. Bí ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí bá mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀, tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ láti Èkó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde ní oṣù keje 1993, kí ó jọ̀wọ́ wá sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Ọmọ kéú tí ó bi mí ní ìbéèrè náà ṣì ń dúró de èsì.

Kí Ọlọ́hun foríjì gbogbo àwọn òkú wa, àwọn tí a mọ̀ àti àwọn tí a kò mọ̀, nítorí Òun mọ gbogbo wọn ní orúkọ. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí á wà lára àwọn tí ó fi ẹ̀rí pamọ́. Kí Ó fi ìjọba òdodo jíǹkí ilẹ̀ wa. Àmín.